Àbúrò mi fẹ́ fi ọkọ̀ òfuurufú kékeré gbé ìyá wa lọ síbi ìsọmọlórúkọ: ìgbà wo ló yẹ kí awakọ̀ yí padà bí ìkùukùu bá ń ṣú?

Ọmọ Aké béèrè pé:

Ẹ̀yin ènìyàn mi, mo kí yín o. Ìbarà ní Abẹ́òkúta ni mo ń gbé, ọ̀rọ̀ kan sì wà lọ́kàn mi tí mo fẹ́ kí àwọn tó mọ̀ nípa ọkọ̀ òfuurufú bá mi dá sí. Àbúrò mi ọkùnrin wà ní Houston, ní ìpínlẹ̀ Texas lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Ó ti gba ìwé àṣẹ awakọ̀ òfuurufú aládàáni, èyí tó fún un láyè láti gbé ẹbí àti ọ̀rẹ́ láì gba owó iṣẹ́ lọ́wọ́ wọn, ó sì máa ń háyà Cessna 172, ọkọ̀ kékeré oníjòkòó mẹ́rin tó ní ẹ́ńjìnnì kan ṣoṣo. Àbúrò wa obìnrin tó wà ní Dallas ti bímọ, ìyá wa sì ni gbogbo ẹbí ń dúró dè láti kó ohun ìsọmọlórúkọ sílẹ̀ kí wọ́n sì wúre fún ọmọ. Físà Màmá pẹ́ kó tó jáde, nítorí náà ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ keje ni wọn yóò tó balẹ̀ sí Houston, àbúrò mi sì ti pinnu pé òun yóò fi ọkọ̀ òfuurufú gbé wọn lọ sí Dallas ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹjọ.

Ó ní nǹkan bíi wákàtí méjì ni àwọn máa lò lókè, nígbà tó jẹ́ pé ó tó wákàtí mẹ́rin lójú títì. Nígbà tí mo béèrè nípa ojú ọjọ́, ó ní ìkùukùu máa ń rẹlẹ̀ láàárọ̀ lásìkò yìí, ṣùgbọ́n pé ó sábà máa ń túká bí oòrùn bá ti mú, àti pé bí kò bá tètè túká, òun yóò máa rìn lábẹ́ rẹ̀. Ó sì sọ fún mi pé òun kò tíì ṣe ìdánwò tó ń fún awakọ̀ láṣẹ láti wọ inú ìkùukùu. Mi ò fẹ́ bá a jà, mi ò sì fẹ́ kọ́ ọ ní iṣẹ́ tí èmi fúnra mi kò mọ̀. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni pé, bí ìkùukùu bá ń ṣú níwájú irú awakọ̀ bẹ́ẹ̀, kí ló yẹ kó máa rò, ìgbà wo ló yẹ kó yí padà, àti pé ǹjẹ́ ohun kan wà tí àwa ẹbí lè ṣe sí i?

Awakọ̀ Fẹ̀yìntì, Òkè-Ìlèwó, dáhùn pé:

Arábìnrin, ẹ kú oríire ọmọ tuntun, Olúwa yóò wò ó. Ọkọ̀ òfuurufú ni mo fi ṣe iṣẹ́ jẹun kí n tó fẹ̀yìn tì sí Abẹ́òkúta níbí, mo sì kọ́ àwọn ọ̀dọ́ níṣẹ́ náà, nítorí náà n ó dá yín lóhùn bí mo ṣe máa ń dá wọn lóhùn. Nínú gbogbo ohun tí àbúrò yín sọ, gbólóhùn kan ni mo fẹ́ kí ẹ dì mú, òun náà ni pé òun yóò máa rìn lábẹ́ ìkùukùu. Ìpinnu yẹn ti pa ọ̀pọ̀ awakọ̀ tó mọ ọkọ̀ wà dáadáa.

Ìlànà méjì ni a fi ń wa ọkọ̀ òfuurufú. Nínú ti àkọ́kọ́, awakọ̀ ń wo ìta, ó ń fi ojú ara rẹ̀ rí ilẹ̀, ó ń rí ibi tí ilẹ̀ àti ọ̀run ti pàdé, ìyẹn ló sì fi ń mọ̀ bóyá apá ọkọ̀ rẹ̀ dọ́gba tàbí ó ti fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Nínú ti èkejì, kò rí nǹkan kan níta, àwọn géèjì iwájú rẹ̀ nìkan ló ń kà, àwọn tó ń darí ọkọ̀ láti ilẹ̀ sì mọ̀ pé ó wà nínú ìkùukùu, wọ́n ń yà á sọ́tọ̀ kúrò lọ́dọ̀ àwọn ọkọ̀ yòókù. Ti àkọ́kọ́ nìkan ni àbúrò yín láṣẹ rẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ ibi tí yóò gbà kọjá, òfin Amẹ́ríkà ní kí irú rẹ̀ lè rí iwájú tó máìlì mẹ́ta lọ́sàn-án, kí ó fi ẹsẹ̀ bàtà 500 jìnnà sí ìkùukùu tó wà lókè orí rẹ̀, kí ó fi 1,000 ga ju èyí tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀, kí ó sì fi 2,000 yẹra fún èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò rẹ̀ díẹ̀. Bí ìsàlẹ̀ ìkùukùu bá wà ní ẹsẹ̀ bàtà 1,000 sókè ilẹ̀, tí awakọ̀ sì fi 500 sílẹ̀ lókè orí rẹ̀ bí òfin ṣe wí, 500 péré ló kù láàárín òun àti ilẹ̀. Ní Cedar Hill, ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn Dallas, àwọn òpó tẹlifíṣọ̀n wà níbẹ̀ tí gíga wọn ju ẹsẹ̀ bàtà 1,500 lọ, wáyà tí wọ́n fi dè wọ́n mọ́lẹ̀ sì ṣòro láti rí láti inú ọkọ̀ tó ń sáré, pàápàá nígbà tí ojú ọjọ́ bá dúdú. Ẹni tó bá ń rìn lábẹ́ ìkùukùu tó rẹlẹ̀ ti sọ ara rẹ̀ di aládùúgbò irú àwọn òpó bẹ́ẹ̀.

Ohun tó jẹ́ kí ewu yìí le ni pé kì í dé lẹ́ẹ̀kan. Awakọ̀ gbéra ní gíga tó wù ú, ojú ọjọ́ dára tó. Lẹ́yìn ogún ìṣẹ́jú, ìkùukùu sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀, òun náà sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀, kò sì rí ohun tó burú níbẹ̀ torí pé ó ṣì ń rí ilẹ̀. Ó tún sọ̀ kalẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. Kó tó mọ̀, ó ti rìn kọjá ààbọ̀ ọ̀nà, ibi tó ń lọ ti sún mọ́ ọn ju ibi tó ti wá lọ, ọkàn rẹ̀ sì ń sọ fún un pé ó ku díẹ̀. Nígbà náà ni òjò wẹ́ẹ́wẹ́ẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ta sí gíláàsì iwájú, gbogbo iwájú di funfun, ilẹ̀ tó ń wò láti ojú fèrèsé ẹ̀gbẹ́ sì pòórá. Kò sí ibì kan nínú ìrìn àjò yìí tí ó ti jókòó pé òun fẹ́ wọ inú ìkùukùu.

Bó bá ti wọ inú rẹ̀, etí ara rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ tàn án. Omi kan wà nínú ihò etí wa tó ń sọ fún ọpọlọ bí ara ṣe ń yí. Ọmọdé tó bá ń fi ara rẹ̀ yí po, tó wá dúró lójijì, á rò pé ilé ṣì ń yí, torí pé omi náà kò tíì dúró. Nínú ìkùukùu, ọkọ̀ lè máa fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan díẹ̀díẹ̀ débi pé etí kò ní mọ̀ rárá, awakọ̀ á sì máa rò pé òun ń lọ tààrà. Bó bá wá tún apá ọkọ̀ ṣe, á dà bíi pé ó ti fì sí òdìkejì, á sì dá a padà síbi àṣìṣe. Imú ọkọ̀ á dojú kọlẹ̀, eré á máa pọ̀ sí i, òun á sì máa fa ọwọ́ ìdarí mọ́ra, èyí tó túbọ̀ ń mú kí ọkọ̀ yí kíkankíkan sísàlẹ̀.

Ní ọdún 1954, wọ́n ṣe ìwádìí kan ní Yunifásítì Illinois, níbi tí wọ́n ti bo ojú ìta mọ́ ogún awakọ̀ tí kò ní ìrírí géèjì, kó lè dà bíi pé wọ́n wà nínú ìkùukùu. Gbogbo wọn pátá ni ọkọ̀ já mọ́ lọ́wọ́. Ẹni tó yá jù láàárín wọn kò ju ìṣẹ́jú àáyá 20 lọ, ẹni tó pẹ́ jù lo 480, tí a bá sì pín in dọ́gba, ìṣẹ́jú àáyá 178 ni, èyí tí kò pé ìṣẹ́jú mẹ́ta. Ìdí tí wọ́n fi ṣe ìwádìí náà ni láti wá bí a ṣe lè kọ́ irú awakọ̀ bẹ́ẹ̀ láti yí padà láìséwu, ẹ̀kọ́ náà sì wúlò fún ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn. Nítorí ìyẹn ni àwọn tó ń gba ìwé àṣẹ ní Amẹ́ríkà lónìí fi ń lo ó kéré tán wákàtí mẹ́ta lórí géèjì. Wákàtí mẹ́ta yẹn wà fún jíjáde kúrò nínú ìkùukùu, kò sí fún rírìn nínú rẹ̀.

Ìgbà wo wá ni kó yí padà? Nígbà tó ṣì ń rí ilẹ̀ dáadáa, tí yíyí náà kò sì tíì pọn dandan. Mo máa ń sọ fún àwọn tí mo kọ́ pé ìgbà àkọ́kọ́ tí ìkùukùu bá mú yín kúrò ní gíga tí ẹ yàn kí ẹ tó gbéra, ìgbà náà ni kí ẹ pinnu. Ẹni tó bá dúró di ìgbà kẹta ti fi ìpinnu náà lé ìkùukùu lọ́wọ́. Yíyí náà kò le: ojú á wà lórí géèjì, apá ọkọ̀ á fì díẹ̀, ọkọ̀ á máa yí ní dígírì mẹ́ta láàárín ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, nígbà tí ìṣẹ́jú kan bá sì pé, ó ti kọjú síbi tó ti ń bọ̀, níbi tí ojú ọjọ́ ti dára. Bó bá ti bọ́ sínú ìkùukùu kó tó rántí, kí ó kọ́kọ́ mú apá ọkọ̀ dọ́gba, kí ó gbàgbọ́ nínú géèjì ju ara rẹ̀ lọ, kí ó lo ẹ̀rọ tó ń fúnra rẹ̀ wa ọkọ̀ bó bá wà níbẹ̀, kí ó sì ké sí àwọn tó ń darí ọkọ̀ lórí rédíò. Ìlà 121.5 wà fún pàjáwìrì. Àwọn awakọ̀ kan máa ń lọ́ra láti pe ìlà yìí nítorí ìtìjú tàbí ìbẹ̀rù ìjìyà, èyí sì máa ń dùn mí púpọ̀, nítorí òfin fúnra rẹ̀ gbà kí awakọ̀ yẹ̀ kúrò nínú ìlànà tó bá yẹ bí pàjáwìrì bá dé.

Arójú-ọjọ́, Alábàtà, dáhùn pé:

Bàbá, ẹ ṣeun gan-an. Ẹ̀kọ́ nípa ojú ọjọ́ ni èmi ń ṣe ní Alábàtà, mo sì fẹ́ fi kún ọ̀rọ̀ ìkùukùu òwúrọ̀ tí àbúrò Ọmọ Aké ní ó máa ń túká.

Òtítọ́ ni pé ó sábà máa ń túká, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo bó ṣe ń dé. Lálẹ́, afẹ́fẹ́ tó kún fún omi máa ń fẹ́ wá láti Ìyawọlẹ̀ Òkun Mẹ́síkò sórí ilẹ̀ Texas, ó ń tutù bó ṣe ń lọ, ó sì ń di ìkùukùu pẹrẹsẹ tó rẹlẹ̀, tó ń nà lọ sí apá àríwá. Nígbà tí ilẹ̀ bá fẹ́ mọ́ títí di ìgbà tí oòrùn bá yọ ló sábà máa ń rẹlẹ̀ jù. Àwa náà mọ irú rẹ̀ dáadáa. Ẹni tó bá dúró ní Ìtòkú ní àwọn òwúrọ̀ kan nínú oṣù Keje tàbí oṣù Kẹjọ lè rí i tí kùrukùru bo orí Olúmọ, tó ṣí díẹ̀ bíi pé ó ti tán, tó sì tún padà bò ó. Ní ọjọ́ mìíràn oòrùn á jáde kó tó di agogo mẹ́wàá, ní ọjọ́ mìíràn a ò ní rí i títí di ọ̀sán. Ẹni tó bá fi agogo kan pàtó dá ìtúká irú ìkùukùu bẹ́ẹ̀ ti ń méfò.

Ohun kejì kò hàn sí ọ̀pọ̀ ènìyàn. Houston fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba pẹ̀lú ìpele òkun, ṣùgbọ́n ilẹ̀ ń ga sókè díẹ̀díẹ̀ bí ènìyàn bá ṣe ń lọ sí Dallas, tó fi jẹ́ pé Dallas fi nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 400 sí 500 ga ju òkun lọ. Bí ìsàlẹ̀ ìkùukùu bá dúró sí ipele kan náà láti Houston dé Dallas, àyè tó wà lábẹ́ rẹ̀ á ti dín ní iye yẹn kí awakọ̀ tó débẹ̀, bẹ́ẹ̀ ìkùukùu fúnra rẹ̀ kò sọ̀ kalẹ̀ rárá. Ilẹ̀ ló gòkè wá pàdé rẹ̀.

Ìṣirò kan wà tí àbúrò yín ti kọ́, ẹ lè béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìròyìn ojú ọjọ́ pápákọ̀ òfuurufú máa ń sọ ìwọ̀n ooru afẹ́fẹ́ àti ìwọ̀n tí afẹ́fẹ́ náà gbọ́dọ̀ tutù dé kí ìrì tó sẹ̀. Ẹ yọ ọ̀kan kúrò nínú èkejì, ẹ sọ ohun tó kù di ìlọ́po 400, yóò fún yín ní òye ibi tí ìsàlẹ̀ ìkùukùu lè wà ní ẹsẹ̀ bàtà. Bí ooru bá jẹ́ 24, tí ti ìrì sì jẹ́ 22, méjì ló kù, ìyẹn túmọ̀ sí nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 800. Kì í péye ní gbogbo ìgbà, ṣùgbọ́n bí nọ́ńbà méjèèjì bá ti ń sún mọ́ ara wọn láti wákàtí dé wákàtí, ojú ọjọ́ kò dára sí i nìyẹn, ohun yòówù kí ọ̀run orí ẹni máa fi hàn. Kí ó má ka ti Houston nìkan. Huntsville àti Corsicana wà lójú ọ̀nà náà, àwọn méjèèjì sì ní pápákọ̀ òfuurufú. Bí ti Corsicana bá burú ju ti Houston lọ, á jẹ́ pé inú ojú ọjọ́ tó burú jù ló ń forí lé.



Ọmọ Lafẹ́nwá dáhùn pé:

Ẹ̀gbọ́n Ọmọ Aké, èmi náà ní irú ìwé àṣẹ tí àbúrò yín ní, n ò sì fẹ́ kí ẹ rò pé ọkọ̀ kékeré fúnra rẹ̀ ni ọ̀tá. Lọ́jọ́ tí ojú ọjọ́ bá mọ́, ìrìn àjò tí ó fẹ́ rìn yìí jẹ́ ohun tí irú wa ń ṣe láìsí wàhálà. Ìbéèrè yín tó kẹ́yìn ni mo fẹ́ dáhùn, èyí tí ẹ fi béèrè bóyá ẹbí lè ṣe nǹkan kan.

Wọ́n kọ́ wa láti yẹ nǹkan mẹ́rin wò kí a tó gbéra: awakọ̀ fúnra rẹ̀, ọkọ̀, ojú ọjọ́, àti ohun tó ń ti awakọ̀ láti ìta. Ọwọ́ rẹ̀ ni mẹ́ta àkọ́kọ́ wà. Ọwọ́ yín ni ìkẹrin wà. Ẹ wo bí ọjọ́ náà ṣe rí fún un: ọjọ́ kẹjọ kò ṣeé sún, gbogbo ẹbí ọkọ ti péjọ, Màmá ti jókòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú aṣọ òkè, fóònù ń dún pé "níbo lẹ dé?". Òun fúnra rẹ̀ kò sùn tó, nítorí ó lọ pàdé Màmá ní ìrọ̀lẹ́ àná. Bí ìkùukùu bá wá sọ̀ kalẹ̀ ní ìtòsí Corsicana, ṣé ẹ rò pé ó rọrùn fún un láti balẹ̀ síbẹ̀ kí ó sì sọ fún gbogbo ènìyàn pé ó di ìrọ̀lẹ́? Ìtìjú ẹbí wúwo lọ́dọ̀ wa, ó sì máa ń wúwo sí i nígbà tó bá jẹ́ ìyá ẹni ni a gbé.

Kì í ṣe aládàáni nìkan ló ń kó sí èyí. Gbogbo wa la gbọ́ nípa hẹlikópítà tó já ní aṣálẹ̀ California ní alẹ́ ọjọ́ 9 oṣù Kejì, ọdún 2024, tó gba ẹ̀mí Herbert Wigwe, ìyàwó rẹ̀, ọmọ wọn, Abímbọ́lá Ògúnbánjọ àti àwọn awakọ̀ méjì. Iṣẹ́ tí wọ́n ń sanwó fún ni ìrìn àjò náà. Àjọ tó ń wádìí ìjàǹbá ọkọ̀ ní Amẹ́ríkà sọ nínú àbájáde rẹ̀ pé awakọ̀ ń bá ìlànà wíwo ìta lọ nígbà tí ojú ọjọ́ kò gba èyí mọ́, òye ibi tí ọkọ̀ kọjú sí sì dàrú mọ́ ọn lójú. Ìbànújẹ́ ńlá ni, kí Ọlọ́run tu àwọn ẹbí nínú.

Nítorí náà, ẹ má wulẹ̀ sọ fún un pé kí ó ṣọ́ra, torí òun náà rò pé òun ń ṣọ́ra. Ẹ mú àkókò kúrò lọ́rùn rẹ̀. Ẹ wá ẹni tí yóò fi mọ́tò gbé Màmá lọ ní ìdájí, kí ìsọmọlórúkọ má baà so mọ́ ọkọ̀ òfuurufú rárá. Kí ẹ̀yin tó jẹ́ àgbà sì fi ẹnu ara yín sọ fún un, kí ó tó gbéra, pé kò sẹ́ni tí yóò bínú bí kò bá dé.

Ọmọ Aké kọ̀wé pé:

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ yín lọ́pọ̀lọpọ̀. Mo ka gbogbo rẹ̀ sí àbúrò mi létí lórí fóònù, ó sì dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀ kó tó sọ̀rọ̀. Ó gbà pé ọ̀rọ̀ ilẹ̀ tó ń ga lọ sí Dallas kò sí lọ́kàn òun nígbà tó ń ṣètò. Ẹ̀gbọ́n ọkọ àbúrò wa ti gbà láti fi mọ́tò gbé Màmá kúrò ní Houston ní agogo mẹ́rin ìdájí, wọ́n sì ti sún ìsọmọlórúkọ sí agogo mọ́kànlá. Ṣùgbọ́n àbúrò mi ní òun ṣì fẹ́ fi ọkọ̀ lọ ní òun nìkan lẹ́yìn wọn. Ṣé bí Màmá kò bá ti sí nínú rẹ̀, ọ̀rọ̀ ti tán nìyẹn?

Awakọ̀ Fẹ̀yìntì, Òkè-Ìlèwó, dáhùn pé:

Ìkùukùu kò mọ iye ènìyàn tó wà nínú ọkọ̀, ẹ̀mí òun náà sì ṣe iyebíye fún yín. Ṣùgbọ́n ẹ ti ṣe ohun tó le jù nínú rẹ̀, torí nísinsìnyí ó lè dúró ní pápákọ̀ títí di ọ̀sán láìsí ẹni tó ń pè é. Bó bá fẹ́ lọ dandan ní òwúrọ̀, kí ó bẹ olùkọ́ kan tó ní àṣẹ wíwo géèjì láti bá a lọ, kí ìrìn àjò náà sì wà lábẹ́ ìlànà yẹn láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọ̀nà tó dára láti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ náà nìyẹn. Òfin béèrè wákàtí 40 lórí géèjì, àti wákàtí 50 ìrìn àjò láti ìlú dé ìlú gẹ́gẹ́ bí olórí awakọ̀, kí ó tó lè ṣe ìdánwò rẹ̀.

Bó bá jẹ́ pé òun nìkan ni yóò lọ, ẹ ní kí ó kọ nọ́ńbà mẹ́rin ránṣẹ́ sí yín ní alẹ́ ọjọ́ keje: bí ìsàlẹ̀ ìkùukùu ṣe gbọ́dọ̀ ga tó ní Houston, ní Corsicana àti ní Dallas kí ó tó gbéra, bí ó ṣe gbọ́dọ̀ ríran jìnnà tó, gíga tí bó bá ti sọ̀ kalẹ̀ kúrò níbẹ̀ yóò yí padà, àti iye epo tí yóò kù nínú táńkì bó bá dé. Òfin ní kí epo ìdajì wákàtí ṣẹ́ kù lọ́sàn-án. Èmi kì í gbà fún akẹ́kọ̀ọ́ mi kí ó dín ní wákàtí kan, nítorí ẹni tó bá yí padà nílò epo ju ẹni tó lọ tààrà lọ. Kí ó kọ wọ́n nígbà tí ara rẹ̀ balẹ̀, kí ó má sì yí wọn padà ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì.